Iná àti Ìsọfúnni Lórí Okùn Kan: Bí Okùn Ìsokọ́ra Ṣe Ń Gbé Iná Kékeré Dé Ọ̀dọ̀ Àwọn Ẹ̀rọ Inú Ilé

Ní ilẹ̀ Yorùbá-Nàgó, láti Sákẹ́tẹ́ dé Pobẹ̀ àti láti Pobẹ̀ dé Kétu, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni iná. Iná ni ìyálé fi ń se ọbẹ̀, iná ni fìtílà tí ń tàn nínú iyàrá, iná náà sì ni èyí tí ilé-iṣẹ́ SBEE ń fi wáyà gbé wá sí ìgboro. Nígbà tí ènìyàn bá fẹ́ ya èyí tó gbẹ̀yìn yìí sọ́tọ̀, á pè é ní iná mànàmáná. Ẹni tó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ Faransé á ní courant. Orúkọ náà tó fún ẹni tí kò fẹ́ ju pé kí ilé mọ́lẹ̀ lọ. Kò tó mọ́ fún ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀rọ, tó fẹ́ so ó mọ́ bátìrì oòrùn, tí kò sì fẹ́ kí ó jóná ní ọjọ́ kìn-ín-ní.

Àpilẹ̀kọ yìí dá lórí ọ̀nà kan tí ìṣòro ọ̀rọ̀ yìí ti hàn gbangba. Ọ̀nà náà ni pé kí okùn tí ń gbé ìsọfúnni íntánẹ́ẹ̀tì láti ẹ̀rọ kan dé èkejì máa gbé iná tí ẹ̀rọ náà ń lò pẹ̀lú. Lẹ́tà mẹ́ta ni wọ́n ń tẹ̀ sára àwọn ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀: PoE. Ní ìletò tí òpó iná kò tíì dé, tàbí tí ó ti dé ṣùgbọ́n tí iná ń lọ tí ń bọ̀, ọ̀nà yìí lè dín ìnáwó ìdílé kù. Bí wọn kò bá sì lóye rẹ̀, ó lè sọ owó ìkórè kan odidi di eérú.

1. Ọ̀rọ̀ kan, ìwọ̀n mẹ́rin

Bí wọ́n bá gbé àgbá omi ka orí ibi gíga, omi inú rẹ̀ á máa fi ipá ti ara rẹ̀ wá sísàlẹ̀. Bí wọ́n bá sọ ọ́ kalẹ̀, ipá náà á dínkù. Irú ipá ìtì bẹ́ẹ̀ wà nínú iná, fólítì sì ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ìye omi tí ń gba inú páìpù kọjá ní ìṣẹ́jú kan ni ìṣàn. Ti iná, áńpíà ni ìwọ̀n rẹ̀. Bí páìpù bá tín-ín-rín tàbí tí ó gùn, á máa dí omi lọ́wọ́: èyí ni ìdènà, tí wọ́n ń fi óòmù wọ̀n nínú iná. Iṣẹ́ tí omi náà lè ṣe bí ó ti ń tú jáde ni agbára. Wáátì ni ìwọ̀n agbára iná. Bí ènìyàn bá sọ fólítì di púpọ̀ ní ìye áńpíà, wáátì ni yóò rí.

Nígbà tí oníbàárà bá ń sọ fún oníṣẹ́ pé iná kan pọ̀ jù tàbí pé ó kéré jù, kò sọ èyí tó pọ̀ tàbí èyí tó kéré nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìyàtọ̀ náà kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn olùkọ́ nìkan. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ fólítì 12 á jóná bí wọ́n bá fún un ní 48. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń fẹ́ áńpíà 1 kò ní jóná nítorí pé orísun iná rẹ̀ lè pèsè áńpíà 5, nítorí ìwọ̀nba tó fẹ́ nìkan ni yóò mu. Fólítì ni a ń fi ipá tì wọlé. Áńpíà ni ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ń fà. Ẹni tó bá mọ gbólóhùn yìí ti bọ́ lọ́wọ́ ìdajì àdánù tí àwọn ènìyàn ń ṣe.

Ó ku ìyàtọ̀ kan. Iná tí SBEE ń mú wá sílé jẹ́ fólítì 220, ó sì ń yí ìhà padà síwá sẹ́yìn ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan: ìṣàn alọ-àbọ̀ ni. Iná inú bátìrì àti èyí tí pánẹ́ẹ̀lì oòrùn ń mú jáde kì í yí ìhà padà: ìṣàn tààrà ni. Lára ẹ̀rọ, ilà kékeré tó ká bí ìgbì omi ni àmì ìṣàn alọ-àbọ̀. Ilà gbọọrọ kan tí ilà kéékèèké wà lábẹ́ rẹ̀ ni àmì ìṣàn tààrà. Ọ̀rọ̀ Faransé Entrée ń tọ́ka sí iná tó ń wọlé sínú ẹ̀rọ, Sortie sì ń tọ́ka sí èyí tó ń jáde.

Àpẹẹrẹ ńlá ìyípadà láti ọ̀kan sí èkejì wà nítòsí Kétu. Ní Illoulofin, ní àgbègbè Pobẹ̀, ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ṣí ibùdó iná oòrùn kan tó jẹ́ mẹgawáátì 25 ní ọdún 2022. Ìṣàn tààrà ni àwọn pánẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ ń mú jáde, ṣùgbọ́n wọ́n ní láti yí i padà sí alọ-àbọ̀ kí ó tó lè wọ orí wáyà ìlú. Ilé tó ní pánẹ́ẹ̀lì tirẹ̀ kò fi dandan ní láti ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì, fìtílà LED, kámẹ́rà àti fóònù, ìṣàn tààrà ni gbogbo wọn ń jẹ nínú ikùn wọn. Bí wọ́n bá yí iná bátìrì padà sí fólítì 220, tí àpótí kékeré ara ògiri sì tún yí i padà sí tààrà, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti san owó ibodè lórí ẹrù kan náà.

2. Ìran tí ọ̀nà yìí ti wá

Kí okùn ìròyìn máa gbé iná kì í ṣe ohun àná. Láti ìparí ọ̀rúndún 19 ni àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ti ń kó bátìrì jọ sí ibùdó wọn, tí wọ́n sì ń fi wáyà méjì tó ń gbé ohùn náà bọ́ tẹlifóònù inú ilé. Fólítì 48 ni ó di àṣà káàkiri ayé. Àwọn àgbàlagbà tó lo tẹlifóònù onílé ti OPT ní Àjàṣẹ́ tàbí ní Kútọnù á rántí pé, bí iná ìlú tilẹ̀ lọ, tẹlifóònù kì í kú. Kì í ṣe idán: bátìrì ibùdó ni ó ń bọ́ ọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí lábẹ́ òkun. Okùn SAT-3, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2002 láàárín Pọ́túgà àti Gúúsù Áfíríkà, tí ẹ̀ka rẹ̀ kan gúnlẹ̀ sí Kútọnù, ń gbé ìmọ́lẹ̀ nínú fọ́nrán gíláàsì. Ìmọ́lẹ̀ náà ń rẹ̀ lójú ọ̀nà, nítorí náà àwọn ẹ̀rọ kan wà nísàlẹ̀ òkun tí ń sọ ọ́ jí. Láti èbúté ni wọ́n ti ń fi iná ránṣẹ́ sí wọn, nínú kọ́pà tó wà nínú okùn kan náà. Ti ibẹ̀ jẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún fólítì, ṣùgbọ́n èrò kan náà ni: ibi tí ọ̀rọ̀ ń gbà ni oúnjẹ ń gbà.

Fún okùn ìsokọ́ra ti kọ̀ǹpútà, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ IEEE gbé òfin àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 2003. Òfin náà fi wáátì 15.4 sí ẹnu orísun, ó sì ṣèlérí wáátì 12.95 fún ẹ̀rọ tó wà ní òpin okùn. Ní ọdún 2009, wọ́n gbé e dé wáátì 30 ní orísun. Ní ọdún 2018, wọ́n gbé e dé 90. Nínú gbogbo rẹ̀, mítà 100 ni okùn kan kò gbọdọ̀ jù lọ, èyí tó tó gígùn pápá bọ́ọ̀lù.

3. Bí iná àti ìsọfúnni ṣe ń rìn pọ̀

Wáyà kọ́pà mẹ́jọ ni ó wà nínú okùn ìsokọ́ra, tí wọ́n lọ́ ní méjì-méjì: ìpín aláwọ̀ ọsàn, aláwọ̀ ewé, aláwọ̀ búlúù àti aláwọ̀ igi. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wáyà náà kò nípọn ju nǹkan bí ìdajì mìlímítà lọ.

Ìsọfúnni kì í wà nínú wáyà kan ṣoṣo. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wáyà méjì inú ìpín kan ni ẹ̀rọ ń kà. Bí wọ́n bá wá gbé ipá ìtì kan náà lé wáyà méjèèjì lórí, ìyàtọ̀ àárín wọn kò yí padà, ìsọfúnni kò sì dàrú. Gẹ́gẹ́ bí àwọn méjì tí wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀ kan náà: bí ọkọ̀ bá gun òkè, àwọn méjèèjì ló gòkè pọ̀, ọ̀rọ̀ àárín wọn kò sì yẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, ìpín kan á di ọ̀nà àlọ iná, ìpín mìíràn á di ọ̀nà àbọ̀ rẹ̀. Nínú ọ̀nà kan tó wọ́pọ̀, ìpín búlúù ni ó ń gbé iná lọ, ìpín aláwọ̀ igi ni ó sì ń gbé e bọ̀.

4. Ìbéèrè ẹnu ibodè

Ìlú Kétu àtijọ́ ní odi àti yàrà yí ká, Àkàbà Ìdènà sì ni ẹnu ọ̀nà olókìkí tí àlejò ń gbà wọlé; àwọn tó ń ṣọ́ ibẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó ń bọ̀ kí wọ́n tó jẹ́ kí ó kọjá. Orísun iná tó tẹ̀lé òfin IEEE ń ṣe bákan náà, nítorí kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ tí wọ́n fi okùn sí ni ó lè gba fólítì 48. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan lè wà ní òpin okùn tí kò mọ nǹkan kan nípa iná bẹ́ẹ̀.

Ní àkọ́kọ́, orísun á fi ipá kékeré tí kò tó fólítì 11 kan okùn bí ẹni kan ilẹ̀kùn. Ẹ̀rọ tó mọ àṣà náà ní ìdènà kan nínú tó jẹ́ nǹkan bí óòmù 25,000. Ìdènà yẹn ni ìdáhùn rẹ̀. Bí orísun kò bá rí ìdáhùn náà, kò ní fi iná sílẹ̀. Bí ó bá rí i, á gbé ipá náà ga sí i díẹ̀ láti mọ irú ìsọ̀rí tí ẹ̀rọ náà wà, ìyẹn ìye wáátì tí yóò máa jẹ. Lẹ́yìn ìyẹn nìkan ni iná tòótọ́, láàárín fólítì 44 sí 57, tó dé. Orísun kò sì sùn lẹ́yìn náà: bí wáyà bá kanra tí ìṣàn sì pọ̀ jù, á gé e, bí wọ́n bá fa okùn yọ tí ẹ̀rọ kò jẹ iná mọ́, láìpẹ́ á gé e pẹ̀lú.

Àwọn orísun kan wà lọ́jà tí kì í béèrè ohunkóhun. Iná ń bẹ lórí wọn nígbà gbogbo, ní fólítì 24 tàbí 48, ẹni tó bá fara kàn án ni yóò gbà á. Wọ́n rọrùn lówó, wọ́n sì wúlò níbi tí ènìyàn ti mọ ẹ̀rọ tí ó so mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n lẹ́tà mẹ́ta náà, PoE, lè wà lára wọn bí ó ti wà lára èyí tí ń béèrè. Òǹrajà tó wo lẹ́tà nìkan kò tíì wo nǹkan. Kí ó wá nọ́ńbà òfin náà, 802.3, pẹ̀lú af, at tàbí bt lẹ́yìn rẹ̀. Níbi tí kò bá sí i, olùbodè tó ti sùn ni.

5. Ìdí tí ó fi jẹ́ 48, tí kò jẹ́ 12

Oníbátìrì ọkọ̀ lè béèrè pé: kí ló dé tí wọn kò fi fólítì 12 ránṣẹ́ tààrà? Ìṣirò ni yóò dáhùn. Kí a gbà pé fìtílà oníwáátì 12 wà ní òpin okùn tó gùn ní mítà 100. Nínú okùn kọ́pà gidi, bí wọ́n bá lo ìpín méjì, àlọ àti àbọ̀ á ní ìdènà tó tó óòmù 8.4.

Ní fólítì 48, wáátì 12 ń fẹ́ ìṣàn tó tó ìdá mẹ́rin áńpíà kan. Ìdènà á gba nǹkan bí fólítì 2 lójú ọ̀nà. Ó ku bí 46, fìtílà á sì tàn dáadáa. Ní fólítì 12, wáátì 12 kan náà ń fẹ́ áńpíà 1. Ìdènà á fẹ́ gba fólítì 8.4 nínú 12. Kò ku 4. Fìtílà kò ní tàn. Bí ìṣàn bá di ìlọ́po mẹ́rin, ooru tó ń ṣòfò nínú okùn á di ìlọ́po mẹ́rìndínlógún. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń gbé ipá ìtì ga, tí ìṣàn fi ń kéré.

Ó tún ní ìdí tí wọn kò fi gbé e ga ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ìlànà ààbò, ìṣàn tààrà tí kò tó fólítì 60 ni wọ́n kà sí iná kékeré, èyí tí kì í sábà pa ènìyàn tí ara rẹ̀ gbẹ. 48 wà nísàlẹ̀ ààlà yẹn, ó sì ga tó láti rìn jìnnà.

6. Ìṣirò ilé kan

Kí a gbà pé ìdílé kan wà ní ìletò kan ní ìhà Idigny tàbí Adakplamè, tí òpó iná kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Wọ́n fẹ́ ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì oníwáátì 8 àti kámẹ́rà oníwáátì 5 tí yóò máa ṣọ́ àká ní ọ̀sán àti ní òru. Fìtílà méjì oníwáátì 6 fún wákàtí 5. Àti àyè láti fi wáátì 10 sọ fóònù jí fún wákàtí 3. Àpapọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ kan ni wáátì-wákàtí 192, 120, 60 àti 30, ìyẹn 402. Bí wọ́n bá fi ìdá márùn-ún kan lé e fún òfò inú wáyà àti inú àpótí, á súnmọ́ 480.

Bí oòrùn tó múná bá tó wákàtí 4 lójúmọ́, pánẹ́ẹ̀lì oníwáátì 120 ni ó kéré jù. Ṣùgbọ́n nítorí ìkùukùu ìgbà òjò àti eruku ọyẹ́, ẹni tó gbọ́n á fi 200 sí i. Bátìrì mẹ́rin oní-12 fólítì tí wọ́n so tẹ̀lé ara wọn á di 48. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ áńpíà-wákàtí 20, wọ́n lè lo ìdajì rẹ̀ lóru kan láìba bátìrì jẹ́.

Nǹkan méjì ni oníṣẹ́ gbọ́dọ̀ kíyè sí níhìn-ín. Èkíní: bátìrì tí wọ́n ń pè ní 48 kì í dúró sí 48. Nígbà tí oòrùn bá ń kún un, ó lè kọjá fólítì 57 tí òfin fi ṣe òpin. Nítorí náà, àpótí tí ń tún fólítì ṣe gbọ́dọ̀ wà láàárín bátìrì àti orísun. Èkejì: pánẹ́ẹ̀lì tí wọ́n so tẹ̀lé ara wọn láti kún bátìrì bẹ́ẹ̀ lè kọjá fólítì 60. Wáyà òrùlé kò sí lára iná kékeré mọ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọwọ́ lásán kàn án. Ilé tí kò fẹ́ ju bátìrì kan lọ lè ra orísun tó gba fólítì 12 wọlé, tó sì ń gbé e ga fúnra rẹ̀. Òfò á pọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ìṣòro á dínkù.

7. Ohun tí kò lè ṣe, àti ohun tí ń bà á jẹ́

Ọ̀nà yìí kì í ṣe arọ́pò iná ìlú. Áyọ́ọ̀nù iná ń jẹ ju wáátì 1,000 lọ. Kò sí okùn ìsokọ́ra tó lè bọ́ ọ. Ẹ̀rọ ìlọta kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá. Fìtílà, fóònù, kámẹ́rà, ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì àti fáànù kékeré tó ń lo ìṣàn tààrà ni tirẹ̀.

Ayédèrú okùn ni ọ̀tá àkọ́kọ́. Àwọn okùn kan wà tí wọ́n fi alumíníọ̀mù ṣe, tí wọ́n kàn fi kọ́pà bò lóde. Ìdènà wọn pọ̀ ju ti kọ́pà lọ ní nǹkan bí ìdajì, wọ́n ń gbóná, wọ́n sì ń kán bí wọ́n bá tẹ̀ wọ́n. Kí òǹrajà gé orí wáyà kan, kí ó fi ọ̀bẹ họ ọ́: bí inú rẹ̀ bá funfun, kì í ṣe kọ́pà.

Àrá ni ọ̀tá kejì. Okùn tó gba ojú òde láti ilé kan dé èkejì lè mú ipá àrá wọlé, kódà bí àrá kò bá sán lù ú gan-an. Ó yẹ kí àpótí ààbò wà ní ìpẹ̀kun rẹ̀ méjèèjì, tí wọ́n so mọ́ irin tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀. Bí kò bá sí, kí wọ́n yọ okùn náà nígbà tí òjò bá ṣú. Okùn ìta gbọ́dọ̀ ní awọ dúdú tí oòrùn kò lè tètè bàjẹ́.

Ewu tó burú jù ni kí ẹni kan, nítorí pé iná ni iná, so okùn yìí mọ́ fólítì 220. Wọn kò ṣe awọ rẹ̀ fún un. Á lè jóná, á sì lè pa ẹni tó bá dì í mú. Bátìrì náà, bí fólítì rẹ̀ ti kéré tó, lè dáná sun ilé bí wáyà méjì rẹ̀ bá kanra; fíúsì gbọ́dọ̀ wà ní ẹnu rẹ̀.

8. Ọ̀rọ̀ tí iṣẹ́ yìí ń fẹ́

Kò sí ìdí láti lé ọ̀rọ̀ iná kúrò nípò rẹ̀. Ó ti pẹ́ lẹ́nu, ó sì dùn ún gbọ́. Ohun tí iṣẹ́ ń fẹ́ ni pé kí àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn dúró tì í. Ipá ìtì fún ohun tí fólítì ń wọ̀n, ìṣàn fún ti áńpíà, ìdènà fún ti óòmù, agbára fún ti wáátì: mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti wà nínú èdè tẹ́lẹ̀, kò sí èyí tí ọmọ Kétu kò ní lóye. Orúkọ ìwọ̀n lè máa jẹ́ ti àjèjì, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ ọ́ sára ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n orúkọ ohun tí wọ́n ń wọ̀n gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ilé, kí olùkọ́ ìwé-kíkà fún àwọn àgbà lè fi kọ́ni, kí oníṣẹ́ sì lè fi ṣàlàyé fún oníbàárà.

Nígbà náà, dípò kí òǹrajà béèrè bóyá iná ẹ̀rọ kan pọ̀, á béèrè pé: ipá ìtì rẹ̀ jẹ́ fólítì mélòó? Tààrà ni tàbí alọ-àbọ̀? Agbára rẹ̀ jẹ́ wáátì mélòó? Orísun rẹ̀ ń béèrè kí ó tó fi iná sílẹ̀, àbí kì í béèrè? Ìbéèrè mẹ́rin yìí kò gba ìṣẹ́jú kan lẹ́nu ìsọ̀. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ní ọ̀rọ̀ tí yóò fi béèrè.